Bíṣọ́ọ̀bù Kò Gbọdọ̀ Dé Ọ̀dọ̀ Dókítà

Ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ bi Bridie léèrè pé, "Kí lo rò?" ni mo ti mọ̀ pé mo wọ gàù. Ìdí tábìlì ilé ìdáná la jókòó sí, èmi, bàbá, àbúrò mi Rohan, àti Bridie tí Rohan gbé níyàwó wá láti ìlú Toowoomba. Ìwé àwọn akọ màlúù tí wọ́n fẹ́ tà ní Taroom, ìlú wa, ló wà níwájú wa. Ogún ọdún ni mo fi ń yan akọ fún agbo màlúù wa, kò sì sí ọdún kan tí bàbá bi mí léèrè ohun tí mo rò. "Leonie, yan," ló máa ń sọ. Mo máa ń fi yangàn tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin yìí gbẹ́kẹ̀ lé mi débi pé kò ní ìbéèrè kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tó yíjú sí ìyàwó àbúrò mi yẹn, tó bọ́ awò ojú rẹ̀, tó bi í ní ohun tó rò, tó sì dákẹ́ kó lè gbọ́ ọ dáadáa, ṣe ni tíì tí mo ń mu korò lẹ́nu mi.

Bridie fi ìka sórí àwòrán kan nínú ìwé náà. "Bàbá, èyí rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń wúwo tó nígbà tí wọ́n bá bí wọn. Àwọn abo wa tí kò tíì bímọ rí ò ní lè bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi okùn fa ọmọ jáde títí ọwọ́ yín á fi bó."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Clarrie Maddock, ọkùnrin tí kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ló rẹ́rìn-ín yìí o. "Leonie, ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́," ni mo dáhùn. "Ìwé ló kà á. Àwọn màlúù ò mọ̀wé ní tiwọn."

"Ṣé kí n wá lọ máa gùn wọ́n fúnra mi ni, Leonie?" Bridie dáhùn. "Ìwé ni mo ní, òun ni mò ń lò."

Rohan fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Kí n má parọ́, kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ kó gbé mì.

Ẹ má rò pé ọmọ náà hùwà burúkú sí mi. Ká ní ó hùwà burúkú ni, ara ì bá tù mí. Ó máa ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, ó máa ń tọ́jú ẹran tó dára jù fún mi nínú àwo, tí ẹ̀yìn bá ń dùn mí ó máa ń bá mi gbé àpò oúnjẹ màlúù. Àmọ́ gbogbo nǹkan tó wà lórí ilẹ̀ wa ló ní ẹni tó ni ín. Ilé ńlá, ti Rohan. Ẹ̀rọ omi àti ọgbà wáyà, ti Rohan. Àwọn ọmọ tó ń pariwo kiri àgbàlá, ti Rohan. Ọkọ mi ti lọ láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, kò fi ọmọ sílẹ̀ fún mi. Yíyan akọ nìkan ni wọ́n fi ń mọ̀ mí. Tí mo bá wọ ibi títa akọ, àwọn ọkùnrin á yà fún mi lọ́nà. Mo máa ń rìn tẹ̀ lé akọ lẹ́yìn, kí n wò ó bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń bọ́ sí ipasẹ̀ ti iwájú, kí n wo pátákò, kí n wo bí ẹpọ̀n ṣe rọ̀, kí n wo ojú rẹ̀ bóyá yóò kan èèyàn. N kò nílò ìwé. Òjòwú ò lẹ́ran láyà, wọ́n ní. Bóyá ìdí nìyí tí mo fi tínrín báyìí.

Ní oṣù September, bàbá pè wá sí ìloro. Ó ní òun ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ọ̀rọ̀ akọ kò sì gba orí méjì. Ó pín abo màlúù sí méjì: àádọ́fà fún mi ní pápá àríwá, àádọ́fà fún Bridie ní pápá gúúsù. Kí oníkálukú yan akọ tirẹ̀, kó sì bójú tó o.

"Ní oṣù April, dókítà ẹran á ti ọwọ́ bọ̀ wọ́n nídìí wo oyún," ó ní. "Ẹni tí oyún bá pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ni àwọn akọ láti ọjọ́ náà lọ. Ẹnì kejì á pa ẹnu mọ́."

"Títí láé?" mo béèrè.

"Títí tí wọ́n á fi gbé èmi náà lọ sin sábẹ́ igi," bàbá dáhùn. "Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè máa kan ara yín."

Mi ò bẹ̀rù, torí mo ní Bíṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo fi ìgò fún un ní wàrà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú sínú ẹrẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ, ó pupa, ó gùn, ọrùn rẹ̀ ki, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó fẹ́ lọ bù kún ìjọ. Gbogbo àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní pápá gúúsù, nítorí náà kò sí pé akọ ń gun ọmọ ara rẹ̀. Mo ra akọ kékeré méjì mọ́ ọn, ọlọ́dún méjì méjì, kí wọ́n máa ràn án lọ́wọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní October, kòkòrò bo ilẹ̀, ibà ọjọ́ mẹ́ta sì dé. Gbogbo ará Taroom ló mọ ibà náà. Màlúù á dùbúlẹ̀, kò ní lè dìde, á máa da itọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta á dìde bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Bíṣọ́ọ̀bù dùbúlẹ̀ lẹ́yìn odò, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Mo ta tapólì lé e lórí nítorí oòrùn, mo ń fi garawa pọn omi fún un, mo ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kú. Ní ọjọ́ kẹrin ó dìde, ó ń jẹ koríko. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé akọ tí ibà náà bá mú gan-an lè máa gun abo lásán fún oṣù mélòó kan, nítorí ooru ara ti ba àtọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó lè mú un, ó sì lè má mú un. Mo sọ fún ara mi pé kò mú Bíṣọ́ọ̀bù.

Ní November, Bridie pe Dókítà Pell wá yẹ gbogbo akọ wò. Obìnrin gìdìgbà ni, ó máa ń kọrin bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń kó akọ wọ inú àgò irin níkọ̀ọ̀kan. Dókítà á fi tépù wọn ẹpọ̀n, á gba àtọ̀, á wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bridie kó akọ mẹ́fà wá. Èyí tó rẹwà jù nínú wọn, tí òun fúnra rẹ̀ yàn, kò yege. Mo ń retí kó jà. Kò jà. Ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kó lọ," ó sì ṣí géètì fún un. Inú mi dùn débi pé mo ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Márùn-ún tó kù yege, ó ní òun máa lo mẹ́ta, kí méjì wà nílẹ̀ dè bí ọ̀kan bá rọ lẹ́sẹ̀.

Akọ kékeré méjì tèmi náà yege.

"Bíṣọ́ọ̀bù dà?" Dókítà Pell béèrè.

"Ó wà lódì kejì odò. Omi kún."

Bàbá wo odò náà láti orí irin tó jókòó lé.

"Leonie, mo lè padà wá lọ́jọ́bọ̀," ni dókítà wí.

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Akọ tó ti bí tó igba ọmọ, kí lo tún fẹ́ bi í léèrè? Ṣé o fẹ́ rí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bridie nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, mo sì kórìíra rẹ̀ fún wíwò náà.

Ní ọjọ́ kìíní December, mo tú akọ mẹ́ta sílẹ̀ láàárín àádọ́fà abo. Láàárín ọjọ́ méjì, Bíṣọ́ọ̀bù ti fi yé àwọn kékeré pé òun ni ọ̀gá. Ó gbá ọ̀kan mọ́ ọgbà wáyà títí èjìká rẹ̀ fi yẹ̀. Ìkejì ń dúró ní igun pápá, ibi tí koríko ò sí, bíi ẹni tí wọ́n lé jáde ní ìpàdé. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, Bíṣọ́ọ̀bù á gbé orí sókè, kékeré á sì padà. Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ń gun abo láti àárọ̀ dé alẹ́. Mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀ mi lábẹ́ igi, mo máa ń wò ó, inú mi á máa dùn.

Bridie bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó fara ti ọgbà wáyà. "Báwo ni Bíṣọ́ọ̀bù?"

"Ó ń ṣe iṣẹ́ Olúwa."

"Àwọn kékeré ńkọ́? Ó dà bíi pé wọn ò rí àyè."

"Wọ́n ń kọ́ṣẹ́."

Ó mi orí, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí mo tú wọn sílẹ̀ ni mo rí Patsy. Abo funfun tó ní ìwo kan ni Patsy. Ọmọ mẹ́jọ ló ti bí fún wa, kò fo ọdún kankan rí. Ọjọ́ kejì oṣù náà ni Bíṣọ́ọ̀bù ti gùn ún lójú mi. Òun ló tún dúró yìí, irun ìdí rẹ̀ ti họ, ó ń wá akọ, Bíṣọ́ọ̀bù sì tún ń gùn ún. Mo wo ọ̀tún, abo mìíràn. Mo wo òsì, méjì mìíràn. Abo tó bá ti lóyún kì í padà wá akọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn mo ka méjìlélógójì tó padà.

Kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé ibà ti mú un. Mo mọ̀ pé kò bímọ, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì bí. Mo sì mọ ohun tó yẹ kí n ṣe: kí n mú un kúrò lọ́jọ́ náà, kí n kọjá sí pápá gúúsù, kí n sọ pé, "Bridie, jọ̀ọ́, yá mi ní akọ méjì tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣì wà kí àkókò gígùn tó parí. Mo ń wo àwọn akọ méjì náà láti ibi tí mo jókòó sí. Wọ́n ń jẹ koríko lódì kejì wáyà, wọ́n dá ṣáká, wọn ò sì níṣẹ́ kankan tí wọ́n ń ṣe.

Mo tan ọkọ̀, mo dé ẹnu géètì Bridie. Mo rí i níwájú ilé, bàbá jókòó tì í, ìwé wà lórí itan àwọn méjèèjì, ó ń tọ́ka sí nǹkan kan fún bàbá. Mo gbọ́ tí bàbá sọ pé, "Kí ló fà á?" Kí ló fà á! Láyé mi, bàbá ò bi mí ní kí ló fa nǹkan kan rí. Owú jẹ mí dé egungun. Mo yí ọkọ̀ padà. Mo ní bóyá àtọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù máa tó padà bọ̀ sípò. Mo ní bóyá àwọn kékeré máa jí díẹ̀ gùn. Ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo sì ń wo akọ méjì yẹn.

Ní April, pápá gúúsù ló kọ́kọ́ wọlé. Nínú àádọ́fà Bridie, mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún lóyún. Lẹ́yìn náà ló kan tèmi. Dókítà Pell ki ọwọ́ bọ abo àkọ́kọ́ dé èjìká. "Òfo." Ìkejì: "Òfo." Ìkẹta lóyún. Lẹ́yìn rẹ̀, òfo, òfo, òfo. Bó ṣe ń pè é, bàbá ló ń fa géètì: ọ̀tún fún olóyún, òsì fún òfo. Nígbà tó kan ogún, dókítà ò kọrin mọ́. Nígbà tó kan Patsy, ó ní "Òfo" jẹ́jẹ́, ó sì fọwọ́ tọ́ ọ ní ìdí. Bàbá fa géètì sí òsì. Nínú àádọ́fà, méjìdínlógójì ló lóyún.

Ẹ mọ òfin ilẹ̀ wa. Abo tó bá ṣófo, ọkọ̀ ilé ìpẹran ló ń wọ̀. Koríko ò tó tí ẹnì kan á fi máa jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí irin. Ó wá dúró níwájú mi.

"Ibà mú un," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé àwọn abo ń padà?"

Mo lè parọ́. Ó wà lẹ́nu mi. "Ọ̀sẹ̀ kẹta," ni mo sọ.

Ó ka ọ̀sẹ̀ tó kù nígbà yẹn lórí ìka. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Ká ní o ò mọ̀ ni, Leonie, ǹ bá ní ká tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí kò mọ̀, èèyàn lè kọ́ ọ." Ó yí padà, ó rìn lọ sílé láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì ọkọ̀ wá. Èmi ni mo kó wọn gun àtẹ̀gùn pákó, méjìléláàádọ́rin, Patsy láàárín wọn. Ó gbọ́ràn, bó ṣe máa ń gbọ́ràn. Bridie ń ti géètì lẹ́yìn wọn, eruku ti bò ó lójú. Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, ó nu ojú, ó dúró tì mí, kò sì yọ̀ mí. Ì bá sàn kó yọ̀ mí.

"Leonie," ó ní, "ìgbà yẹn, ká ní ẹ béèrè akọ lọ́wọ́ mi, ọjọ́ náà gan-an ni ǹ bá kó méjèèjì tó wà nílẹ̀ fún yín. Mi ò bá tí sọ fún bàbá pàápàá."

"Mo mọ̀," ni mo dáhùn. "Ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí n béèrè."