Kọ́kọ́rọ́ Wáì-Fáì Ilé Adégòkè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí Bísọ́lá, ọmọ Adégòkè, ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè yẹn, kí ó wá bá a dúró lójú fèrèsé. Lẹ́yìn ọgbà ilé wọn ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti fẹ̀yìn ti ògiri, kálukú tẹjú mọ́ fóònù, wọ́n ń fi wáì-fáì ilé wọn wo bọ́ọ̀lù. Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi baba rẹ̀ ni. Orúkọ baba ni páswọ́ọ̀dù, kò sì sí àlejò tó wọlé tí baba kì í fún ní omi, kí ó sì tún fún un ní páswọ́ọ̀dù. Lójú baba, ahun ló ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́.

Aago méjì ọ̀sán ni ilé-iṣẹ́ kan l'Ábújá fẹ́ fi fídíò fi ọ̀rọ̀ wá Bísọ́lá lẹ́nu wò. Ọdún kẹta rèé tó ti sìnrú ìlú tán, tó ń bá ìyá rẹ̀ yan gààrí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò ṣeé gbọ́kàn lé ládùúgbò wọn, àpáta ti dí i. Àfi wáì-fáì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé sórí òrùlé. Bí ìyẹn bá já, iṣẹ́ lọ nìyẹn.

Ó jókòó ti láptọ́ọ̀pù, ó ní kó ṣe páswọ́ọ̀dù tuntun, kọ́kọ́rọ́ gidi, fún òun. Ìyẹn pọ̀ ọ́ jáde: lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà, àmì tí kò lórúkọ, gbogbo rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí irun tí wọn ò yà. Kò sí ẹni tó lè há a sórí. Ó fi í sínú ẹ̀rọ wáì-fáì, gbogbo fóònù ẹ̀yìn ọgbà já lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe ń wò wọ́n tí wọ́n ń na fóònù sókè, inú rẹ̀ dùn díẹ̀.

Baba fajú ro. "O ti ti ulé mọ́ àlejò mi," ó ní. Ó mú fìlà, ó gba oko kòkó lọ.

Fóònù Felicia, ìyá rẹ̀, nìkan ni Bísọ́lá fi kọ́kọ́rọ́ náà sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ni mo fẹ́ fún?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Aago méjì lù. Obìnrin kan yọjú lójú láptọ́ọ̀pù láti Àbújá, ó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́, Bísọ́lá dáhùn, obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Níbi ìbéèrè kejì, ojú obìnrin náà dì síbẹ̀ gan-an, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "A ò gbọ́ yín mọ́," ni ohùn rẹ̀ wí, ó sì pòórá. Bísọ́lá sáré yọjú lójú fèrèsé. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn ọgbà. Olè wo ló tún kù? Ìgbà náà ló gbọ́ "Àmín" láti pálọ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ ló kún pálọ̀ bámúbámú, kálukú na fóònù sókè. Nínú fídíò lójú fóònù kọ̀ọ̀kan ni àwọn àǹtí Bísọ́lá wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń bá wọn gbàdúrà, láti Òde-Èkìtì títí dé Emùré. Tíṣà Beatrice, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, ló ti fi fóònù Felicia pín kọ́kọ́rọ́ náà fún wọn. Àwòrán onígun mẹ́rin kan báyìí tí fóònù Felicia gbé jáde ni kálukú fi fóònù tirẹ̀ yà, wáì-fáì sì wọlé; kò sẹ́ni tó ka lẹ́tà kan.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bísọ́lá kò ní já!" ni Beatrice ń ké.

"Àmín!"

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Felicia rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ń dán. "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti gbà ọ́ sí uṣẹ́?"

Bísọ́lá padà sí yàrá, ó bá ọ̀rọ̀ kúkurú kan láti Àbújá lójú láptọ́ọ̀pù: wọ́n ti pe ẹlòmíì dípò rẹ̀, wọ́n sì ní kó ṣe oríire. Ó dùn ún dé egungun. Ó tún ṣe kọ́kọ́rọ́ mìíràn, ó sì já gbogbo fóònù pálọ̀.

Ìyá rẹ̀ kanlẹ̀kùn. "Bísọ́lá, ó ti já o. Àwọn àǹtí ẹ fẹ́ bá wa dúpẹ́. Fún mi ní tuntun."

"Mi ò ní fún yín, mà."

Láti ìgbà tó ti bí i, Felicia ò gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wo láptọ́ọ̀pù, ó tún wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Ṣé àwa la já a?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Felicia rọra jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ní pálọ̀, àwọn ìyá ti bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó lè dìde nínú wọn láti lọ ní kí wọ́n dákẹ́.