Èèrí Gbígbóná fún Dolina

Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu Torquil, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà ní ahọ́n rẹ̀ kò kú, pé bó bá wù ú, á sọ̀rọ̀. Kò wù ú. Á jókòó sẹ́bàá iná ilé ìdáná, á kọjú sí fèrèsé, Effie ìyàwó rẹ̀ á sọ tiẹ̀ títí, kò ní dá a lóhùn. Ẹ gbọ́ ná, báwo lèèyàn ó ti ṣe irú ìyẹn?

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Shona ọmọ wọn pè láti Glasgow.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká ta àwọn màlúù yẹn. Bàbá ò lè bójú tó wọn mọ́, ẹ̀yin náà kì í sì í ṣe ọmọdé. Ẹnì kan fẹ́ rà wọ́n, òní ló fẹ́ gbọ́ èsì."

"Jẹ́ n bi bàbá ẹ."

"Bàbá tí ò sọ̀rọ̀?"

Effie gbé fóònù sílẹ̀. Inú bí i, torí òótọ́ ni.

Ló bá gun katakata, ó forí lé ilé ìpọntí ìsàlẹ̀ òkè. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni Torquil ti ń kó èèrí ọkà báálì níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún omi dídùn rẹ̀ lọ ṣe wisikí, màlúù ló ni ìyókù. Effie ò lọ kó o rí.

"Màmá, ṣé kì í ṣe tinú ìgò lẹ wá gbà?" ni Lachlan tó ń bu èèrí fún un wí.

"Panu ẹ dé, jàre. Ebi ń pa Dolina."

Dolina ni abo màlúù tí Torquil fẹ́ràn jù.

Òjò ti dé kó tó délé. Ó gbé garawa kan gba inú ilé ìdáná kọjá, ooru ń tú lórí ẹ̀, òórùn ọkà gba gbogbo ilé. Ó ti di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mú.

"Ìyá Shona."

Garawa fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó gbóná jù," ni Torquil wí, ohùn rẹ̀ ha. "Á bó Dolina lẹ́nu. Gbé e wá."

Effie gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Torquil ki ọwọ́ tó ṣì lágbára bọ inú èèrí, ó ń rò ó díẹ̀díẹ̀ kó lè tutù.

"Ta ló ní kó o gun katakata yẹn? Bíréèkì ẹ̀ ò mà dáa! Olórí kunkun!"

"Ẹ máa bú mi lọ," ni Effie wí. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Shona, ẹ máa bú mi lọ."

Fóònù dún. Effie gbé e, ó fi í sí ọkọ rẹ̀ létí.

"Màámi, kí ni kí n sọ fún ọkùnrin yẹn?"

"A ò tà," ni Torquil wí. "Dolina ò tíì jẹun."

Ní Glasgow, Shona bú sẹ́kún.