Àmì Funfun Lórúnkún Ọmọ

Ọmọ náà na ẹsẹ̀, orúnkún rẹ̀ yí síta, àmì funfun kan sì hàn lójú ẹ̀rọ. Kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọláyọ̀ Ọláfimíhàn dá ọwọ́ ẹ̀rọ sikáànù dúró lórí ikùn Fàrídà, ó tẹ bọ́tìnì kan, àwòrán náà sì dúró gbagidi.

Kò yẹ kí àmì náà wà níbẹ̀.

Fàrídà ò mọ̀. Àjà ló ń wò, ó fi ọwọ́ kan di etí híjáàbù rẹ̀ mú. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Abdulwaheed, jókòó sẹ́bàá ibùsùn pẹ̀lú báàgì lórí itan. Ojú dókítà lòun ń wò, kò wo ojú ẹ̀rọ rárá. Ìpetumodù ni wọ́n ti wá láàárọ̀, eruku ọyẹ́ ṣì wà létí aṣọ àwọn méjèèjì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í sábà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú àyẹ̀wò yìí mọ́. Ìtọ́jú ìyá àti ọmọ inú rẹ̀ ni iṣẹ́ tó yàn láàyò, ìdí nìyẹn tó fi di olórí ikọ̀ ìwádìí tí yunifásítì gbé kalẹ̀ sí ilé ìwòsàn aláboyún kékeré yìí ní Ìlódè. Àwọn dókítà tí kò tíì dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń yẹ àwọn obìnrin wò. Òun a máa wo ohun tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, gbogbo wọn ti lọ múra ìpàdé ọ̀sán sílẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì. Òun náà sì fẹ́ràn kí ọwọ́ òun ríṣẹ́ ṣe kí ẹnu òun tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ìpàdé náà kì í ṣe kékeré. Iléeṣẹ́ ètò ìlera fẹ́ buwọ́ lu àtẹ tí ikọ̀ rẹ̀ ṣe, èyí tó ń sọ bó ṣe yẹ kí ọmọ inú tóbi tó ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Àtẹ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ara ọmọ ìlú òtútù ni wọ́n fi ṣe é. Ó ti pẹ́ tí Fọláyọ̀ ti ń sọ pé kò bójú mu kí á máa fi bàtà ẹlòmíràn wọn ẹsẹ̀ ọmọ wa. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, wọ́n wọn orí, wọ́n wọn ikùn, wọ́n wọn itan àìmọye ọmọ inú. Bí ìjọba bá buwọ́ lù ú lónìí, gbogbo ilé ìwòsàn wọn ni yóò máa lò ó, ibùdó ìwádìí tuntun tí yunifásítì fẹ́ kọ́ yóò sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè fẹ̀yìn tì.

Gẹ́gẹ́ bí àtẹ náà ṣe wí, kò sí ohun tó ṣe ọmọ Fàrídà. Oṣù méje ni wọ́n kọ síwájú orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì tóbi tó ọmọ oṣù méje. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà láàárín ìlà, kó máa lọ sílé, kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Kò sídìí láti yẹ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà wò. Fọláyọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ òfin yẹn.

Àmọ́ orúnkún ò sí nínú àtẹ.

Fọláyọ̀ fẹ́ràn orúnkún. Ó máa ń yà á lẹ́nu pé egungun kì í bẹ̀rẹ̀ bí egungun. Rírọ̀ ni í kọ́kọ́ jẹ́, bí etí. Lẹ́yìn náà, níbì kan ní àárín rẹ̀, hóró líle kan á yọ, á máa gbòòrò díẹ̀díẹ̀. Hóró kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tirẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ egungun itan ló ń ṣáájú. Èyí tó wà lórí egungun ojúgun, lábẹ́ orúnkún gan-an, kì í yọ títí oṣù mẹ́jọ yóò fi pé. Ebi lè mú kó pẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè mú kó yára. Nígbà tí Fọláyọ̀ ṣì jẹ́ dókítà kékeré, ó máa ń dúró lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, á máa fi orúnkún wé orúnkún títí ojú rẹ̀ á fi dá hóró náà mọ̀ bí ẹni dá ojú ọ̀rẹ́ mọ̀ láàárín èrò.

Ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lọ síbi okùn ìwọ́, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ sókè. Bí omi tó ń ṣàn ló yẹ kí ẹ̀jẹ̀ máa dún nínú okùn náà: kó sáré bí ọkàn bá lù, kó rọra bí ọkàn bá sinmi, ṣùgbọ́n kó má dúró. Èyí ń dúró. Láàárín ìlù ọkàn kan àti òmíràn, kò sí ìró kankan. Ibi ọmọ, tó yẹ kó máa bọ́ ọ, ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ oṣù méje lóòótọ́, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò tíì gbó. Inú ìyá rẹ̀ ló ṣì sàn fún un, kí wọ́n dá ìyá dúró, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Bó bá ti kọjá oṣù mẹ́jọ, ebi ló ń pa á kú lọ, kí wọ́n gbé e jáde lónìí. Orúnkún ti sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Fọláyọ̀ ò fẹ́ la ikùn ẹnikẹ́ni nítorí hóró kan ṣoṣo.

"Fàrídà, ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ kẹ́yìn?"

"Ó wà nínú fáìlì, mà."

"Mo ti rí ti fáìlì. Ìwọ ni mò ń bi."

Kí Fàrídà tó lanu, ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbà á. "Oṣù méje ni, Dókítà. Oṣù méje la sọ fún wọn níta."

"Ṣé ó dá yín lójú, Màmá?"

"Ṣé n ò wá ní mọ oṣù ọmọ ọmọ mi ni?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àbí ọmọ náà ló ń sọ nǹkan míì fún yín?"

"Òun ni."

Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Fọláyọ̀ lè ní kó jáde. Ó ti ní kí ọ̀pọ̀ ìyá ọkọ jáde rí. Ṣùgbọ́n ó rí i pé gbogbo ìgbà tí òun bá bèèrè ọ̀rọ̀, ojú obìnrin yìí ni Fàrídà ń wò kó tó dáhùn. Nítorí náà, ó yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ó sì fi ìka tọ́ka.

"Orúnkún rẹ̀ nìyí. Ẹ wo hóró funfun yìí. Ọmọ oṣù méje kì í ní in."

Ìyá Abdulwaheed tẹjú mọ́ ọn. "Áà! Ọmọ tí ò tíì dáyé, ó ti ń tú àṣírí ilé."

"Ẹ wá gbọ́ èyí." Ó tún ṣí ohùn sókè. "Oúnjẹ rẹ̀ lẹ̀ ń gbọ́ yẹn. Ó dé. Ó dá. Ó dé. Ó dá. Kò yẹ kó máa dá."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fetí sí i. Fàrídà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. "Ẹ sọ fún wọn, Màmá."

Ìyá ọkọ rẹ̀ dìde, ó ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì tẹ́lẹ̀, ó wo ojú fèrèsé, ó padà wá jókòó.

"Ó ti lé ní mẹ́jọ. Ìgbà tí ààwẹ̀ fẹ́ parí ló rí i kẹ́yìn. Ààwẹ̀ ọjọ́ ìkẹyìn wọ̀nyẹn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì tíì rí i san padà títí di òní."

Ọ̀rọ̀ yẹn tó. Kò sí obìnrin tó ń gbààwẹ̀ tí í ṣi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mú. Fọláyọ̀ fi ìka kà á, ó sì bá ti orúnkún mu.

"Kí ló dé tí ẹ fi gé oṣù kan kúrò?"

"Méjì la ti sin, Dókítà. Gbogbo agbo ilé ló ń bá wa ka oṣù àwọn yẹn: 'Ó ku méjì. Ó ku ẹyọ kan.' Ṣé a máa ń ka ọmọ fọ́lọ́mọ ni? Èyí, mo ní ká gé e kù. Nígbà tí wọn yóò bá fi máa retí rẹ̀, kó ti dé."

"Àwa ńkọ́? Ṣé àwa náà wà lára wọn?"

"Ẹ̀yin kọ́! Àmọ́ ṣé inú yàrá ni wọ́n ti bi wá ni? Iwájú gbogbo bẹ́ǹṣì ni nọ́ọ̀sì ti ní, 'Oṣù mélòó?' Aládùúgbò wa jókòó tì mí gbágbáágbá. Ṣé kí n wá máa kéde ẹ̀ ni?"

"Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, mà," Fàrídà sọ.

Fọláyọ̀ ń nu jẹ́ẹ̀lì kúrò lára ikùn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀, ó sì tún ń nù ún lọ.

Bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń tún yàrá iṣẹ́ abẹ ṣe de Fàrídà, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe Dókítà Ìkẹ́olúwa lórí fóònù, igbákejì rẹ̀ nínú ìwádìí náà.

"Mà, wọ́n ti jókòó o," ni Ìkẹ́olúwa sọ. "Ẹ̀yin nìkan là ń retí. Wọ́n ti ń jẹ mít-páì."

"Má jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lù ú."

"Mà?"

"Oṣù tí a fi ṣe é ò péye. Àwọn aláboyún ń yọ oṣù kan kúrò kí wọ́n tó sọ fún wa. Ikùn ọ̀pọ̀ wọn ti yọ kí wọ́n tó wá forúkọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan la sì gbà gbọ́."

"Torí obìnrin kan, mà?"

"Ṣé kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ rẹ? Ṣí àwòrán àwọn tó ní oṣù méje làwọn. Má wo itan. Wo abẹ́ orúnkún."

Ó gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ariwo ṣíbí lẹ́yìn rẹ̀, àti ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ títẹ̀ mọ́.

"Mélòó?"

"Mẹ́wàá ni mo ṣí, mà. Mẹ́ta ní in." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ta ló ń wo orúnkún?"

Ó rò ó wò. Òótọ́ ló sọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ; ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn èje tiwọn yìí, ẹ̀jọ ni, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí, òun alára ò rí i.

"Ọmọ tí wọ́n bá rán lọ sílé á mọ̀," ló wí.

Ìkẹ́olúwa mí kanlẹ̀. "Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ pé a ti da oṣù méjì pọ̀, a ò sì mọ èwo ni èwo. Sọ pé àwa la ṣe é."

"Ibùdó yẹn máa bọ́ o, mà. Ẹ mọ̀ pé ó máa bọ́."

"Mo mọ̀. Mò ń lọ fọ ọwọ́."

Obìnrin lọmọ náà. Nígbà tí Fọláyọ̀ gbé e jáde, awọ itan rẹ̀ ṣù jọ bí aṣọ tó tóbi ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Ó ya ẹnu, kò dún. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ gbígbẹ nu ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbà náà ló ké, igbe gbọọrọ tó ju ara rẹ̀ lọ, igbe ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti gbó. Ojú Fàrídà là sílẹ̀ kedere lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta dí i. Ó kàn ń ka igbe náà bó ṣe ń dún, ètè rẹ̀ ń mì. Fọláyọ̀ yẹ ibi ọmọ wò kó tó gbé e sínú abọ́: ó kéré, apá kan rẹ̀ ti le. Ó rán ikùn náà pa, kò yára, kò falẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọmọ náà han ìyá àgbà rẹ̀ láti ojú gíláàsì yàrá olóoru tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ tuntun sí, Fọláyọ̀ jáde sí gbọ̀ngàn iwájú. Ìkẹ́olúwa ti pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì gbé e. Ó rí Ìyá Abdulwaheed níbi tó jókòó sí láàárín àwọn obìnrin, ó sì jókòó tì í. Dókítà ti bọ́ aṣọ funfun rẹ̀. Bí ẹni tó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wá sí ọsibítù ló rí. Kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí rí. Láti ibẹ̀, gbogbo ohun tó ń lọ nídìí tábìlì nọ́ọ̀sì ló ń dé etí rẹ̀.

"Oṣù mélòó?" nọ́ọ̀sì bi obìnrin kan tó dúró níwájú rẹ̀.

Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Márùn-ún."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òmíràn tún bọ́ síwájú.

Aládùúgbò wọn na ọrùn láti ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ǹṣì. "Ìyá Abdulwaheed, ẹ kú ìjókòó o! Mo rí i tí wọ́n ti Fàrídà wọlé. Ṣé kò sí o? Àbí ó ti bí ni? Ṣebí méje lẹ ní ó wà."

Ìyá Abdulwaheed bẹ̀rẹ̀ sí í fa síìpù báàgì rẹ̀, ó ṣí i, ó tún un pa. Ayọ̀ ti gba ẹnu rẹ̀, bó bá là á pẹ́nrẹ́n, gbogbo rẹ̀ ló máa tú jáde.

"A ní kó sinmi díẹ̀ ni," Fọláyọ̀ dáhùn. "Ara rẹ̀ le."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Kò tíì yá."

"Áà, Ọlọ́run á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀."

"Àmín," ni àwọn méjèèjì wí.

Obìnrin náà padà sí ìjókòó rẹ̀. Ìyá Abdulwaheed wo dókítà, ó yára gbé ojú kúrò, èjìká rẹ̀ sì ń mì fún ẹ̀rín. Fọláyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kí òun tó lanu dáhùn, òun náà ti wo ọ̀tún, òun ti wo òsì.