Òmíràn Rèé

Nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ pólíìṣì mọ́tò ṣe, kò sí oníbàárà tó mọ orúkọ tí bàbá ọkùnrin náà sọ ọ́. Òmíràn-Rèé ni gbogbo wọn ń pè é. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ náà ló gbà á síṣẹ́, torí wáráǹtì tí wọ́n ṣe fún ẹni tó bá rà á: bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ kí àkókò ìlérí wọn tó pé, àwọn ni yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ pé kábọ̀n ló jẹ tán, tàbí súwíìṣì ló kú, tàbí gírísì ló gbẹ lára gíà, yóò tú u, yóò nù ún, yóò dá a padà fún olóhun. Ṣùgbọ́n bí àmáṣọ̀ bá jó, ìyẹn ọkàn ẹ̀rọ tí wáyà bàbà wé mọ́, òfin ni pé kò gbọdọ̀ tún un wé. Tuntun ni yóò gbé fún oníbàárà. Yóò fi pílíásì gé wáyà èyí tó jó kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó mọ́, yóò sì jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù. Nígbà náà ni yóò ti páálí tuntun síwájú lórí kántà, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Òmíràn rèé." Kò sí ẹni tí kì í bá a rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò gbé ògbólógbòó wá, tí yóò gbé tuntun lọ, tí inú rẹ̀ ò ní dùn?

Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi yá a lẹ́nu nílé pẹ̀lú.

Àkọ́bí ìyàwó rẹ̀ kò ké nígbà tí wọ́n bí i. Ọkùnrin ni. Àwọn nọ́ọ̀sì sa gbogbo ipá wọn, ṣùgbọ́n Ẹni tó ni í ti gbà á kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà wé e sínú aṣọ funfun, ó gbé e fún bàbá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì béèrè bóyá kí wọ́n gbé e lọ kí ìyá rẹ̀ rí i. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ọkọ rí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó nà láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá ọkùnrin náà, tó dúró tì í, mi orí. Ó ní, "Má jẹ́ kó rí i, ọmọ mi. Ohun tí ojú ò bá rí, ọkàn á tètè gbàgbé. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Ó gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó ti ilẹ̀kùn. Ìfẹ́ ló fi tì í, Ọlọ́run tó rí ọkàn mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Wọ́n sì ti sin ọmọ náà kí ìyàwó tó lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

Ṣáájú ìgbà náà, Bàbá Ọmọ ni ìyàwó máa ń pè é. Láti ìgbà tí ikùn ti yọ ló ti bẹ̀rẹ̀. "Bàbá Ọmọ, ọmọ yín ń ta mí nípàá o. Ó jọ pé iṣẹ́ yín lòun náà fẹ́ ṣe, ó ń wá nọ́ọ̀tì tí yóò tú." Báyìí, "ẹ gbọ́ ná" ló fi ń pè é. Kò bá a jà. Ó ń dáná, ó ń fọ aṣọ, ó ń kí i káàbọ̀. Ṣùgbọ́n orin ìyìn tó máa ń kọ nídìí iná ti dákẹ́. Bí wọ́n bá sì kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, tí ọkọ bá dé ibi tó ti ń sọ pé, "Olúwa, fi òmíràn rọ́pò fún wa," ìyàwó kì í dáhùn pé àmín. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi í, ì báà jẹ́ ìgbà tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ì báà jẹ́ ìgbà tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ gbọ́ ná. Ta ló jọ?"

Ọkọ á ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀, aya mi. Ọlọ́run á fún wa ní òmíràn."

Yóò wò ó díẹ̀, yóò sì padà sídìí ohun tó ń ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni Bàbá Dígí wọ ṣọ́ọ̀bù, tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ àyà kí omi má baà kán sí i. Bàbá Dígí ni wọ́n ń pè é torí pé mọ́tò tó bá pólíìṣì, èèyàn lè fi ṣe dígí fá irùngbọ̀n.

"Òmíràn-Rèé, ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́, Bàbá. Ẹ káàárọ̀. Kí ló ṣe é?"

"Ó kọ́kọ́ ń rùn bí irun tó ń jó. Mo ní kó ṣe sùúrù, kò gbà. Ó tu iná jáde, ó sì dákẹ́. Bíi ti ìyàwó mi gẹ́lẹ́, àfi pé ìyẹn kì í dákẹ́ ní tirẹ̀."

Àwọn oníbàárà tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Òmíràn-Rèé gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì. Wáráǹtì rẹ̀ kò tíì tán. Rọ́bà inú táyà ni Bàbá fi wé ibi tí wọ́n ti ń di ẹ̀rọ náà mú, torí Bàbá kò ní àtàǹpàkò ọ̀tún mọ́. Jáàkì ló yẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, tí mọ́tò fi já lé e, tó sì gé e. Ojú ibi tí kùkùté ìka náà ń tẹ̀ ti jìn nínú rọ́bà. Òmíràn-Rèé tú ìdérí, ó wo inú. Wáyà bàbà ti dúdú, ó ti yọ́ mọ́ irin.

Ó mú páálí kan wá láti ẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín. "Àmáṣọ̀ ló jó, Bàbá. Ẹ má ṣèyọnu. Òmíràn rèé."

Bàbá Dígí wo páálí náà. "Mo rí i. Tèmi ńkọ́?"

"Tiyín ti lọ nìyẹn. Mo gbọ́dọ̀ gé wáyà rẹ̀."

"Ṣé o ò lè tún un wé fún mi?"

"Wọn ò gbà wá láyè. Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà, yóò tún jó ni, iná sì lè gbé yín."

"Mo gbọ́. Mi ò ní kí o jí òkú dìde, Ẹni tó lè ṣe ìyẹn kò sí lẹ́yìn kántà yìí. Gbé e fún mi ná."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Bàbá?"

"Mo fẹ́ gbé e ni."

Ó gbé e fún un. Bàbá jókòó, ó gbé ẹ̀rọ náà lé itan. Ó fi etí aṣọ nu eruku kúrò lára rẹ̀. Ó rọra fi kùkùté àtàǹpàkò rẹ̀ sí ojú ibi tó ti jìn nínú rọ́bà, kò sì yọ ọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń dúró de tirẹ̀ ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fún un lọ́mú ni?"

"Bó bá máa tipa bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, màá fún un," ni Bàbá Dígí wí, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Òmíràn-Rèé. "Nígbà tí ìka mi lọ, wọ́n ní mi ò lè ṣiṣẹ́ yìí mọ́. Èyí ni mo fi tún un kọ́. Tuntun yìí dára, ọmọ mi, mo dúpẹ́, màá sì lò ó. Ṣùgbọ́n òmíràn, òmíràn ló ń jẹ́. Kì í jẹ́ èyí."

Ó dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e padà sórí kántà. "Ó tó. Gé e báyìí."

Òmíràn-Rèé mú pílíásì. Ó gé wáyà náà, ṣùgbọ́n kò jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù bó ti máa ń ṣe. Ó rọra gbé e sí i. Láti ìgbà náà títí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù, páálí lásán ló ń tì síwájú oníbàárà. Kò sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pè é.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ ní ilé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo pẹrẹsẹ. Ọkọ kò kọjá lọ sí yàrá. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Ìyá Ọmọ," ló wí.

Ọwọ́ obìnrin náà dúró nínú ẹ̀wà.

"Ìwọ ló jọ. Iwájú orí rẹ̀, tìẹ ni. Irun rẹ̀ pọ̀, ó dúdú, ó lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Etí ọ̀tún rẹ̀ ká díẹ̀ lókè bíi tèmi."

Ìyàwó ò gbé ojú sókè. "Imú ńkọ́?"

"Imú ìyá mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Abájọ tí wọn ò fi fẹ́ kí n rí i." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà fọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. "Ṣé ó tutù?"

Ó wu ọkọ kó parọ́, ṣùgbọ́n kò pa á. "Rárá. Ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà tí wọ́n gbé e fún mi. Ọwọ́ mi ló tutù sí."

"Ọwọ́ mi ló yẹ kó tutù sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo na ọwọ́. Ẹ rí mi."

"Mo rí ọ. Mo ṣẹ̀ ọ́, aya mi. Mi ò lè tún un ṣe."

Omi tó wà lórí iná hó, ó dà sílẹ̀, kò sí ẹni tó dìde sí i. Ìyàwó béèrè, "Báwo ló ṣe gùn tó?"

Ọkọ gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè láàárín wọn, ó là wọ́n sọ́tọ̀ díẹ̀, ó sún ọ̀kan mọ́ èkejì díẹ̀ kó má baà ṣì í. "Báyìí."

Obìnrin náà ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo àlàfo náà títí. Ó wá fi ọwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ní títẹ́, bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Apá ń ro ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.