Àpótí Dúdú Tí Màámi Kò Rí

"Kò sí àpótí dúdú kankan níbẹ̀," màámi wí lórí fóònù.

"Ó wà níbẹ̀, Màámi. Ìlà kẹta, lápá ọ̀tún. Ẹ wò ó dáadáa."

"Ojú mi méjèèjì ni mo fi ń wò ó. Funfun báláú ni!"

Àràárọ̀ ni èmi àti màámi máa ń ṣe eré ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn, èyí tí a ń to lẹ́tà sínú àwọn àpótí funfun kéékèèké, tí a sì ń fo àwọn dúdú. Màámi wà nílé tí bàbá wa kọ́, èmi wà ní ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́. A óò ra ìwé ìròyìn kan náà, a óò sì máa bá ara wa jiyàn lórí fóònù. Ṣùgbọ́n iyàn tọjọ́ yẹn dé etí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé iyè màámi ti ń rá, kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí a ti ilé náà pa. Màámi ní òkú òun ni a óò gbé jáde níbẹ̀.

"Ohun tó wà lójú ìwé gbangba ni wọn ò rí mọ́ yìí," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí lo tún fẹ́ gbọ́?"

Mo rò ó títí. Àwa tí a fẹ́ràn eré yìí mọ gbogbo ìwà ìwé ìròyìn wa: yíǹkì tó máa ń da bo ìbéèrè, nọ́ńbà tó máa ń fò. A sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà ń tẹ̀ ẹ́ lóru. Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ̀ ló ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, wọn a tún un ṣe nínú èkejì tí à ń kà nílùú. Ọ̀nà jíjìn sì ni màámi ń gbé.

Ní Sátidé, mo mú ìwé tèmi dání, mo wọkọ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé ṣáájú mi. Mo tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì. Lóòótọ́, àpótí tó dúdú nínú tèmi, funfun ló wà nínú ti màámi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wò ó o!"

Ó fi ìka kan àpótí náà nínú ìwé méjèèjì.

"Ṣé kì í wá ṣe orí mi?" màámi béèrè. Ohùn wọn rọlẹ̀.

"Kì í ṣe orí yín, Màámi. Àwọn tó tẹ̀wé ni."

Màámi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbé fóònù pe ọ̀rẹ́ wọn. "Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́! Àwọn ọmọ mi fẹ́ sọ mí di ọmọ ọwọ́! Àwọn tó ń tẹ̀wé lorí wọn dàrú, kì í ṣe èmi!"

Mo wọ ilé ìdáná lọ láti gbé omi tíì kaná. N kò rí kẹ́tùlù. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì. Ó wà níbẹ̀, ìdí rẹ̀ ti jó lu. Àwọn ìkòkò tó ti jó di èédú wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi aṣọ ìnura bò wọ́n. Etí aṣọ ìnura náà ti jó.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ti rí i?" mo béèrè.

"Kí o tó dé."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ̀rín lo rín wọlé. Màámi náà ń yọ̀. Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́?"

Ní pálọ̀, màámi ń sọ fún ọ̀rẹ́ wọn pé àbíkẹ́yìn òun ló gba òun sílẹ̀.

"Jẹ́ kí n lọ bá wọn sọ ọ́," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Wọ́n kúkú ti ń bínú sí mi tẹ́lẹ̀."

"Rárá, Bọ̀ọ̀dá. Bí ẹ bá sọ ọ́, wọn ò ní gbà. Èmi ni wọ́n máa gbà gbọ́."

A dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ wọn. Mo fọ èédú ọwọ́ mi, mo sì wọ pálọ̀ lọ bá wọn.