Ẹran Tí Zulaihat Ní Òun Kì Í Jẹ

Ọ̀rọ̀ tó kó Zulaihat sí wàhálà kò ju gbólóhùn kan lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n wọlé sáà tuntun ni, ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà Pólì ní Ọ̀wọ̀. Àwọn mẹ́ta ló ń gbé yàrá kan, wọ́n sì jọ ń se ọbẹ̀ pọ̀ nínú ìkòkò kan. Glory, tó máa ń ṣètò ohun gbogbo nínú yàrá náà, ní kí kálukú mú owó ẹran wá. Zulaihat ní gàrí, ó ní iṣu, ó ní epo pupa tí màmá rẹ̀ rọ sínú ìgò fún un láti Òkèlúsè. Owó ẹran ni kò ní. Bàbá rẹ̀, Raheem, já bọ́ láti orí igi obì ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, láti ìgbà náà ni oko ti ń di igbó. Ọmọbìnrin náà wo ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó sì tó mọ ohun tó fẹ́ wí, ẹnu rẹ̀ ti wí i. Ó ní kí wọ́n má ka òun mọ́ ẹran, òun kì í jẹ ẹ́.

Glory bi í pé ṣé kí àwọn fi ẹja sí tirẹ̀ ni. Ó ní òun kì í jẹ ẹja náà.

Bó ṣe di ajẹ̀fọ́ nìyẹn. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí gbogbo ọgbà fi gbọ́, tí àwọn kan sì ń pè é ní Ajẹ̀fọ́ bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Kò bínú sí i. Ó sàn kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n mọ̀ pé wọn ò rí nǹkan nílé àwọn.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀ bí kò bá sí ti Theresa. Theresa ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn ní ilé ìwòsàn ńlá, òun ló sì ń gbé yàrá iwájú nínú ọgbà náà. Ọmọ Adó-Èkìtì ni, ó ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í bá èèyàn rìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó kanlẹ̀kùn àwọn Zulaihat, ó ní wọ́n sọ fún òun pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ ẹran. Zulaihat ní òun ni. Ó bi í pé ẹyin ńkọ́. Zulaihat ní rárá. Ó bi í ní mílíìkì. Zulaihat ní òun kì í fẹnu kàn án. Irọ́ kì í dá rìn. Kí Theresa tó rí ibi jókòó sí, ọ̀kan ti di mẹ́rin.

Ayọ̀ tó yọ lójú obìnrin náà lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ da jìnnìjìnnì bo Zulaihat. Theresa ní ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì ló bẹ̀rẹ̀ tòun. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó yọwọ́ nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà fún ogójì ọjọ́. Nígbà tí Àjíǹde dé, tí wọ́n gbé adìẹ síwájú rẹ̀, ó wò ó títí, ó rí i pé òun kò lè pa dà sídìí rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ti ara ẹlẹ́mìí wá, kò jẹ ẹ́. Fíígàn ni wọ́n ń pe irú wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nílé wọn ní Adó, wọ́n ní ẹ̀mí kan ló wọ inú rẹ̀. Níbi iṣẹ́, wọ́n máa ń fi ẹran pa mọ́ sábẹ́ ìrẹsì rẹ̀ kí wọ́n lè rí bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí nígbà tó bá bù ú kàn.

"Kí n tó gbọ́ nípa ẹ," ó ní, "mo ti ń rò ó pé bóyá orí mi ni ò pé."

Zulaihat ní orí rẹ̀ pé. Kí ni ì bá tún sọ?

Láti ọjọ́ náà, Àbámẹ́ta di ọjọ́ àjọrìn fún àwọn méjèèjì. Theresa fẹ́ mọ ohun tí irú wọn lè rà jẹ ní Ọ̀wọ̀ láìdáná, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó ráyè ìkòkò. Wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, láti ẹnu ọ̀nà Pólì títí dé ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba. Theresa á gbé ọ̀rá bísíkíìtì sún mọ́ ojú, á ka àwọn lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìpẹ̀jọ́, á mí kanlẹ̀, á dá a pa dà sórí pẹpẹ. Mílíìkì wà ńbẹ̀. Búrẹ́dì ibí ní bọ́tà, ṣinṣín ọ̀hún ní ẹyin. Ṣùgbọ́n ìpékeré kò ní àbùkù, róbó àti kúlíkúlí kò ní, àádùn náà kò ní. Obìnrin ará Ìlọrin kan wà nítòsí mọ́ṣáláṣí tó ń din wàrà sóyà, èyí tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe dípò mílíìkì, tó ń bu ata àti àlùbọ́sà sí i; ìgbà tí Theresa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ńṣe ló dijú. Ohun gbogbo tí wọ́n bá tọ́ wò, òun ló ń rà á, méjì-méjì ló sì ń rà á. "Àbúrò mi nìyí," ló máa ń sọ fún àwọn tó ń tajà.

Zulaihat ń jẹ ẹ́. Ká sòótọ́, oúnjẹ náà dùn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà tó jẹ́ pé ìpékeré Theresa nìkan ló ń ti inú rẹ̀ ró di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá tí kò mú ìtìjú dání.

Ọjọ́ mọ́ínmọ́ín ló burú jù. Ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń ta oúnjẹ sísè, obìnrin tó ni ín sì búra pé kò sí ẹja, kò sí ẹyin nínú mọ́ínmọ́ín òun. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n tú ewé. Òkèlè àkọ́kọ́ ni Zulaihat ti mọ̀ pé edé wà nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ edé kẹ́yìn, itọ́ kún ẹnu rẹ̀, ó sì yára jẹ ẹ́ kí Theresa tó mọ̀. Ìgbà tí Theresa máa fi dá ẹnu dúró, tó yọ bébà ìnuwọ́, tó sì tu tẹnu rẹ̀ sí i jẹ́jẹ́, ewé nìkan ló kù lọ́wọ́ Zulaihat.

"Edé ni," Theresa ní. Ó wo ewé òfìfo náà, àánú sì ṣe é. Ó gbé ọwọ́ lé Zulaihat lẹ́yìn, ó ń fi pa á. "Má jẹ́ kó dùn ẹ́. O ò mọ̀. Èmi ni mo mú ẹ wá síbí."

Gbogbo ojú ọ̀nà délé ló fi ń tọrọ àforíjì. Zulaihat fi ọwọ́ di inú mú bí ẹni tí èébì ń gbé, kò lè gbé ojú sókè wò ó.

Ó gbìyànjú láti jẹ́wọ́. Ìgbà kan, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ." Theresa yíjú sí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní ṣé ó ti rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn rí nǹkan díẹ̀ fi ránṣẹ́, ẹja díndín ló rà. Òòró ló dúró jẹ ẹ́ lẹ́yìn wọ́ṣọ́ọ̀pù ilé ẹ̀kọ́, teegun-teegun, ó sì fi èèpo ọsàn pa ọwọ́ àti ètè rẹ̀ kí òórùn rẹ̀ má baà bá a délé.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé. Theresa bi í léraléra ohun tí yóò máa jẹ nínú ilé tí ẹran máa kún. Ó ní òun á ṣọgbọ́n rẹ̀. Ó ti sọ ti Òkèlúsè fún un rí, àti ti igi tí bàbá rẹ̀ já bọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ti owó.

Ní Òkèlúsè, àwọn Raheem kò rí àgbò pa lọ́dún náà, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò kò gbàgbé wọn. Kó tó di ọ̀sán, abọ́ ẹran mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wọlé. Ṣẹ̀fíátù, ìyá Zulaihat, gbé agbada kaná lẹ́yìnkùlé. Zulaihat jókòó sórí àpótí nídìí rẹ̀, ó ń yí ẹran, ó sì ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń jiná. Ó mú egungun ìhà kan dání, ọ̀rá ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, nígbà tí ó gbọ́ ohùn ọ̀kadà níwájú ilé, tí ẹnì kan sì ń béèrè ilé bàbá tó já bọ́ lórí igi.

Theresa ni. Ó ti wọkọ̀ láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n, ó gun ọ̀kadà láti Ìfọ́n, ẹrẹ̀ ọ̀nà ti ta sí i lára dé orúnkún. Kúlà kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Ṣẹ̀fíátù, ó ní ẹ kú ọdún, ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n Zulaihat ní Ọ̀wọ̀, àkàrà àti wàrà sóyà lòun gbé wá, kí ebi má baà pa á lọ́jọ́ ọdún, nítorí kì í jẹ ẹran.

Ṣẹ̀fíátù rẹ́rìn-ín. Ó ti fi èdè ìlú sílẹ̀, ó ń sọ èyí tí àlejò á gbọ́. "Ta ló ní Zulai kì í jẹ ẹran? Ọmọ tó jẹ́ pé bó bá ti mú eegun, ajá ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́?"

Ìgbà náà ni Theresa wo ìdí iná. Zulaihat kò rí ibi fi eegun ọwọ́ rẹ̀ sí. Bó bá jù ú nù, wọ́n á rí i. Bó bá dì í mú, wọ́n ti rí i náà. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ọ̀rá ń kán sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ṣẹ̀fíátù. Ó wo àlejò, ó wo ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yé e tán pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe ń yé ìyá. Ó pa dà sí èdè ìlú, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ó bi ọmọ náà bóyá nítorí pé àwọn ò rí nǹkan fi ránṣẹ́ ni. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ lókè orí wọn, Raheem sì wà nínú yàrá. Ó ti ń fi ọ̀pá rẹ̀ kanlẹ̀ bọ̀ láti wá kí àlejò, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀pá náà dákẹ́ lójijì. Ìtìjú tí Zulaihat rò pé òun ti kó mọ́ra tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Nítorí kí wọ́n má baà mọ̀ pé ilé àwọn ò ní ló ṣe purọ́, òun náà ló sì wá tú aṣọ lára bàbá rẹ̀ lójú àlejò.

Theresa kò bínú sókè. Ó gbé kúlà sílẹ̀, ó pe àwọn ọmọdé tó wà láyìíká, ó pín àkàrà náà fún wọn. Ṣẹ̀fíátù ń wá ohun tí yóò fún un jẹ, kò sí ìkòkò kan nínú ilé tí ẹran ò sí. Theresa ní bí wọ́n bá lè sun iṣu fún òun, ó ti tó. Ó jókòó ti Raheem ní pálọ̀, ó ń fi iṣu náà kan epo àti iyọ̀, ó sì ní kí bàbá jẹ́ kí òun wo ẹsẹ̀ náà. Ó wò ó pẹ́. Ó ní wọ́n dì í ní wíwọ́ ni, kí wọ́n gbé bàbá wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, òun á dúró dè wọ́n.

Zulaihat sìn ín dé ìdí ọ̀kadà. Ojú ọjọ́ ti ń ṣú.

"Kì í ṣe ẹran tó o jẹ ló dùn mí," Theresa ní. "Gbogbo ayé ló ń fi mí ṣẹ̀sín. Mo rò pé ẹnì kan wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò fi yín ṣẹ̀sín, Àǹtí. Ebi ló ń pa mí."

"Kí ló dé tó ò sọ? Ṣé mi ò ní fún ẹ ni?"

Zulaihat wo ilẹ̀. "Ẹ máa fún mi. Ohun tí mi ò fẹ́ gan-an nìyẹn."

Theresa gun ọ̀kadà, ó lọ.

Nígbà tí Zulaihat pa dà sí Ọ̀wọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Glory bí ó ṣe jẹ́. Glory kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní àwọn ì bá ti dá owó ẹran tirẹ̀ láàárín ara àwọn. Ọ̀rọ̀ rere ni, ó sì dun Zulaihat ju èébú lọ. Àbámẹ́ta dé, Theresa kò kanlẹ̀kùn. Nígbà tí Zulaihat ń bọ̀ láti kíláàsì lọ́jọ́ náà, ó rí i lọ́dọ̀ obìnrin ará Ìlọrin. Ọ̀kan ṣoṣo ló rà. Zulaihat dúró sẹ́yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà títí ó fi lọ tán.

Ó ti dá a lójú pé Theresa ò ní dúró dè wọ́n lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀, tí wọ́n gbé wá láti Òkèlúsè, dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn láàárọ̀ kùtù, Theresa ti wà níbẹ̀. Ó bá wọn gba káàdì, ó mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun. Zulaihat ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, bàtà ẹsẹ̀ kan bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ní àwọn máa ní láti tún ẹsẹ̀ náà ṣe. Theresa ní òun á bá àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aláìní nínú ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀, gbangba ló sì sọ ọ́, lójú gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ara Zulaihat gbóná láti ọrùn dé etí. Raheem ní tirẹ̀ kàn dúpẹ́.

Ọ̀sán ti pọ́n kí dókítà tó ní kí wọ́n lọ jókòó de òun. Theresa bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Ẹnu Zulaihat ti yà láti sọ pé àwọn ti jẹ.

"A ò tíì jẹun, Àǹtí," ó ní. "A ò mú nǹkan kan wá."

Theresa mi orí. Ó ní kí bàbá sinmi, kí òun àti Zulaihat lọ wò ó bóyá wọ́n á rí oúnjẹ rà lójú pópó. Wọ́n jọ jáde. Theresa ń lọ níwájú, Zulaihat ń bọ̀ lẹ́yìn, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì ju ẹsẹ̀ bíi mẹ́ta lọ.