Ẹ̀ka Tí A Kò Ṣẹ́

Lọ́jọ́ tí Jemilat jáde opó, kò yà kí ẹnikẹ́ni. Láti Ìpọ̀nrí ló ti gbéra, ó di Mushin, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àkàngbé tí í ṣe àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kọ́ mi ní igbó."

Ọdẹ ni Bàbá Àkàngbé. Igbó Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ayé rẹ̀ rìn. Ojú ló gbé e wá sí Èkó. Àìsàn kan ń jẹ ojú náà lábẹ́nú, àwọn dókítà sì ti sọ fún un pé èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́, ìyókù ni àwọn ń gbìyànjú láti dá dúró. Yàrá kan tó kọjú sí gọ́tà ló ń gbé nílé ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kó tó wá, òun náà ló ṣáájú àwọn ọdẹ tó rí òkú Rilwan, ọkọ Jemilat.

"Kí lo fẹ́ fi igbó ṣe, ìyàwó? Ìwọ tí wọ́n bí sí Ìpọ̀nrí, tó jẹ́ pé orí kọnkéré lo ti kọ́ ìrìn?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tí ọkọ mi kò mọ̀."

Gíà ọkọ̀ ni Rilwan ń tà ní ọjà Ládìpọ̀. Òun àti Bámidélé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀, ni wọ́n jọ ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ajínigbé yọ sójú títì, wọ́n yìnbọn fọ́ táyà ọkọ̀. Àwọn méjèèjì já ilẹ̀kùn, wọ́n sá wọgbó. Ibi tí wọ́n ti ń sáré ni ẹsẹ̀ Rilwan ti wọ ihò, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Bámidélé pọ̀n ọ́n títí agbára rẹ̀ fi pin. Ó gbé e jókòó sábẹ́ igi kan, ó ní òun ń lọ pe èèyàn wá. Ó rí èèyàn lóòótọ́: ó bọ́ sí abà àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àmínù, wọ́n ké sí àwọn ọdẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó máa mú wọn lọ, kò mọ ọ̀nà mọ́. Gbogbo igi jọra lójú rẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ tún ṣú. Nígbà tí wọ́n fi máa rí Rilwan, òùngbẹ ti bó ètè rẹ̀, ó ti kú.

Níbi àdúrà fídáù, ìbéèrè kan péré ni Jemilat bi àwọn ọdẹ: ṣé kò sí omi nítòsí ni? Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ní Mushin lọ́jọ́ yìí, ó tún bi Bàbá bẹ́ẹ̀.

Bàbá Àkàngbé yí ojú rẹ̀ tó ti ń kú lọ sí ìhà gọ́tà. "Omi wà," ó ní. "Dìde nílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí o wá mú mi jáde."

Etí ọ̀sà lẹ́yìn Yaba ni wọ́n ń lọ, níbi tí igbó díẹ̀ ṣì ṣẹ́kù, tí gbòǹgbò igi nà sínú omi dúdú. Bàbá á gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Kí lo rí?"

"Ewé ni, Bàbá."

"Ewé! Bí mo bá bi ọ́ pé kí ló wà nílé rẹ, ṣé 'ẹrù' lo máa fi dá mi lóhùn? Sọ̀rọ̀. Ojú mi ni ọ́ o."

Jemilat á wá máa sọ ọ́: etí ewé ṣe rí, inú rẹ̀ funfun tàbí kò funfun, ṣé ó ń ṣe oje. Bàbá á gbà á, á fi àtàǹpàkò rún un, á gbóòórùn rẹ̀, á dárúkọ rẹ̀. Èyí tí oje rẹ̀ bá funfun bíi wàrà, kó má fi kan ẹnu. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú gbogbo igbó gbẹ tí ibì kan ṣì tutù yọ̀yọ̀, kó wo ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, kó wo àdàbà, nítorí àdàbà kì í sùn láìmu omi. Bí ẹ̀rù bá sì bà á, kó jókòó.

"Ẹsẹ̀ ní í pa ẹni tó sọnù," Bàbá sọ fún un. "Ẹni tó bá jókòó á gbọ́ràn. Ẹni tó ń sáré, èémí ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́."

Lọ́jọ́ kan ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sàmì. Kó máa ṣẹ́ ẹ̀ka kékeré bó ṣe ń lọ, kó má já a tán, kí orí ẹ̀ka náà kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀. Jemilat ṣẹ́ ọ̀kan, ó dún pẹ́. Ó ṣẹ́ èkejì. Lẹ́yìn náà ló káwọ́ lérí, ó jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí, Bàbá? Ìwọ̀nba ohun tí Bámidélé ì bá ṣe náà nìyí?"

Bàbá na ọwọ́ sí i kó dìde.

Síbẹ̀ Jemilat ń bá a lọ. Etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ní Ìpọ̀nrí, láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀, ó ń gbọ́ ẹyẹ tó ń ké lórí òrùlé tí kò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan létí ọ̀sà, ọ̀wọ́ lékeléke gbéra lójú omi lẹ́ẹ̀kan náà, ó funfun báláú lójú sánmà, Jemilat sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí Rilwan ti kú. Ẹ̀rín náà dùn ún bí ọgbẹ́, ó sì gbé e mì.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, ó dé Mushin lọ́jọ́ kan, ó bá Bámidélé tó jókòó ti Bàbá. Ojú ẹsẹ̀ ló yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni mo ní kó wá," Bàbá sọ. "Ojú mi kò ní pẹ́ lọ tán. Kó tó lọ, mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì dé ìdí igi tí Rilwan kú sí. Bámidélé náà kì í sùn."

"Kó má sùn, Bàbá. Ọkọ mi ń sùn."

Bámidélé dojú bolẹ̀. "Ìyá Àmínát, ẹ má bínú," ó ní, ó fi orúkọ ọmọ Jemilat pè é.

Síbẹ̀ Jemilat bá wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé òun náà fẹ́ rí igi náà.

Abà Àmínù ni Bàbá jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé òkè mọ́. Àwọn ọdẹ àdúgbò ti lé àwọn ajínigbé kúrò nígbó náà. Bàbá júwe ọ̀nà fún Jemilat: kí oòrùn wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ títí yóò fi dé àpáta pẹlẹbẹ, kó wá máa sọ̀ kalẹ̀ títí á fi rí igi ayan kan tí àrá ti là sí méjì. Jemilat ṣáájú, Bámidélé tẹ̀ lé e. Bó ti ń lọ ló ń ṣẹ́ ẹ̀ka. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀ka bá ti dún pẹ́, Bámidélé á dúró wò ó.

Wọ́n rí igi náà. Kò sí ohunkóhun nídìí rẹ̀ àfi koríko gbígbẹ. Jemilat fọwọ́ kan èèpo rẹ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó, ó tẹ́tí sílẹ̀. Oòrùn ti ń yẹ̀. Àdàbà kan fò kọjá nísàlẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Ó dìde, ó tọ ọ̀nà wọn. Lẹ́yìn igbó ọparun kékeré kan, omi ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín òkúta. Ó bu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó tutù. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí orí igi ayan náà kedere.

Nígbà tó padà dé, Bámidélé ti jókòó síbi tí Rilwan jókòó sí.

"Omi náà kò jìnnà," Jemilat sọ.

"Mi ò gbọ́ ọ. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò gbọ́ ọ."

"Kí ló sọ nígbà tí o fẹ́ máa lọ?" Kò sí 'ẹ' nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Bámidélé fi ọwọ́ bo ojú. "Ó ní kí n má pẹ́."

Bámidélé ní kó máa lọ, kó fi òun sílẹ̀ síbẹ̀, òun kò lè rìn mọ́. Jemilat sì lọ lóòótọ́. Kò wẹ̀yìn. Ó ń gba ibi tí wọ́n gbà wá. Ó rìn díẹ̀ kó tó ṣàkíyèsí pé ewé wà lọ́wọ́ òun. Ó wò ó: ẹ̀ka tó fi sàmì ni. Ó ń já wọn kúrò bó ti ń kọjá, ó ń sọ wọ́n nù. Kò mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ju ejò. Nígbà tó gbójú sókè, Bámidélé ti dìde, ó dúró lábẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wò ó.

Jemilat padà lọ bá a.

"Máa bọ̀. Mi ò dárí jì ọ́. Bóyá mi ò ní dárí jì ọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ wà ní Àgùdà. Mi ò lè lọ bá a jókòó lórí ẹní opó."

Wọ́n kọjá ibi tí Jemilat ti já àwọn àmì náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, wọn kò sì rí èyí tó kù. Wọ́n yà sọ́tùn-ún, koríko ga ju orí wọn lọ. Wọ́n yà sósì, wọ́n tún bá ara wọn nídìí ọ̀gán kan náà tí wọ́n ti kọjá. Ẹsẹ̀ Jemilat fẹ́ sáré. Ó fi agbára jókòó. Bámidélé jókòó tì í. Afẹ́fẹ́ yí padà, òórùn èéfín sì bá a wá, èéfín igi tútù tí Àmínù fi ń dáná. Wọ́n dìde, wọ́n gba inú afẹ́fẹ́ náà lọ, wọ́n yọ sí ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́.

Bàbá Àkàngbé gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ojú rẹ̀ sì le.

"Ìhà ibí kọ́ lẹ gbà wọlé. Àmì tí mo ní kí o máa ṣe ńkọ́, ìyàwó?"

Kí Jemilat tó la ẹnu, Bámidélé ti dá Bàbá lóhùn.

"Ẹ̀bi mi ni, Bàbá. Èmi ni mo ṣìnà, tí mo ní ká gba ibòmíì."

Bàbá yíjú láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì bí ẹni tó ṣì ń ríran. Kò béèrè mọ́.

Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ojú Bàbá ti lọ tán. Jemilat ni ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ ní Ládìpọ̀ báyìí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí Bámidélé bá ń fa ilẹ̀kùn irin tirẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó máa ń kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àmínát." Jemilat á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n," á gbé àwọn gíà síta níkọ̀ọ̀kan, kò sì ní tún bá a sọ nǹkan mìíràn títí ilẹ̀ á fi ṣú.